Èjìká Òkè

Òjò ti ṣú bo orí òkè, ọ̀sán gangan sì dà bí ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, dáwọ́ dúró lórí ebè, ó ń tẹ́tí. Ẹyẹ kankan ò ké mọ́. Òórùn eruku tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí gba imú mi.

Oko rẹ̀ wà lẹ́yìn Ìta-Ògbólú, níbi tí àpáta ti tò tẹ̀lé ara wọn bí àgbà tó jókòó. Ara èèyàn ló fi kọ́ mi bí mo ṣe máa mọ̀ wọ́n: orí òkè, níbi tí ìkùukùu ń sùn, èjìká, ibi tó tẹ́jú lágbedeméjì, itan, ibi tó ń yọ̀, ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú tí iṣu ń ta. Èmi ni mo ṣì í gbọ́. Mo ní ohun tó bá lẹ́sẹ̀, á dìde lọ́jọ́ kan. Tí mo bá ń kọ ebè, jẹ́jẹ́ ni mò ń fi ọkọ́ kan ilẹ̀, kó má baà jí.

“Ọ̀lẹ,” ló máa ń wí, “ṣé ebè lò ń kọ ni, àbí ò ń fá irun fún ilẹ̀?”

Lọ́jọ́ òjò yẹn, mo gbọ́ ọ láti òkè. Gììì.

“Ìyá àgbà, ó ń dìde!”

“Kí ló ń dìde? Ọ̀gbàrá ni! Fi uṣu sílẹ̀! Gun èjìká!”

Ẹsẹ̀ mi ò gbé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an ló ní kí n gùn. Mo yí padà, mo fẹ́ sá gba ọ̀nà ilé. Ó fi ọkọ́ kọ́ mi nídìí ṣòkòtò, ó fà mí padà.

“Ìsàlẹ̀ lomi ń lọ! Ṣé o fẹ́ bá a dé ulé ni?”

Ọwọ́ àti orúnkún la fi gun itan òkè. Àpáta ń yọ̀ bí ilá. Orí rẹ̀ ló fi ń tì mí nídìí, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹ. Nígbà tá a dé èjìká, mo bojú wẹ̀yìn. Omi pupa ti bo ebè wa, òkúta ńlá ń yí nínú ẹ̀ bí èkùrọ́. Ọ̀nà ilé ò sí mọ́. Ó di etí aṣọ mi mú, ó fà mí mọ́ra bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ̀rù wá bà mí jù. Mi ò mọ̀ pé nǹkan lè ba òun náà lẹ́rù.

“Ṣé ó ti jí?” mo bi í.

“Dákẹ́. Ó gbé wa pọ̀n ni.”

Ìwọ ọmọ tó ò ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, má kọ orúkọ òkè náà. Kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun lásán.

Ọ̀bà-Ilé ni mò ń gbé báyìí. Táwọn tó ń fọ́ òkúta bá fi ẹ̀tù yin àpáta, àwo á mì lórí tábìlì, ẹ̀yin ọmọ á ní, “Bàbá, kò sí nǹkan.” Ibi tí wọ́n gé lára òkè ni mò ń rò. Ilé ti kún ẹsẹ̀ òkè. Tí òjò bá ṣú, èjìká lojú mi ń wá.

Ìwọ tó ò ń kọ̀wé yìí, tó o bá gbọ́ gììì, má sáré wálé. Gun èjìká, bó bá ṣì kù.