Ẹ̀gbọ́n Mi Nílé ní Festac, Mo Sì Sun Òtẹ́ẹ̀lì

Òórùn ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú ni Festac fi máa ń kí mi káàbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín rí mọ òórùn tí mò ń wí, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí di ọjọ́ kejì. Fúláàtì tí bàbá wa rí gbà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé títí dòní, nínú ọ̀kan lára àwọn kílóòsì tó yà kúrò ní Sẹ́kọ́ńdì Àfẹ́níù. Kò sí ará ilé wa tó dé Èkó tí kì í sùn níbẹ̀. Ẹni tó wá gba físà, ẹni tó wá tọ́jú eyín, ọmọ àbúrò ọkọ àbúrò ọkọ, gbogbo wọn ń jẹ, wọ́n ń sùn, ẹ̀gbọ́n mi sì ń pàṣẹ láàárín wọn bí ọ̀gágun. Ẹni bá wọ ilé náà ti wọṣẹ́ nìyẹn.

Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí mo ti Ìbàdàn wá nítorí àtilọ wo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkàn. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, “O káre, máa bọ̀.” Bí mo bá wá dé tán, á di, “Ṣáà bá mi bó ẹ̀wà díẹ̀ yìí kó o tó jáde.” Díẹ̀! Báfù kan gbáko, ti ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà kan, ó ní kí n dúró de púlọ́ńbà, ẹni tó ní òun ti dé Alákijà láàárọ̀ tí kò yọjú títí oòrùn fi wọ̀. Ìgbà mìíràn, ìyàwó pásítọ̀ ló bímọ. Èmi tí n kò bá ìyàwó pásítọ̀ pàdé rí ni mo ń fọ ìkòkò ìsọmọlórúkọ. Bí mo ṣe máa ń padà sí Ìbàdàn nìyẹn, tèmi ti mọ́ínmọ́ín nínú kúlà, láìfojú kan ère kankan. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló yí nǹkan padà. Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì ni. Gbogbo ọdún tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa orí idẹ àti ère tí òun fúnra rẹ̀ kò rí rí, àfi nínú àwòrán. Dókítà ojú wá sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń ṣú, pé ohun tó bá fẹ́ wò, kó tètè lọ wò ó. Ó ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, èmi náà kò sì lè wa mọ́tò ní Èkó bí wọ́n tilẹ̀ na ìbọn sí mi. Ó ní, “Ìwọ lo ní ẹ̀gbọ́n ní Èkó. Níbo la ó sùn?”

Ìbéèrè yẹn gbà mí lóorun. Òun ń rò ó pé ká sùn sí Erékùṣù, kó lè súnmọ́ Oníkàn. Mo ní kó má dán an wò. Ẹni tí kò ní mọ́tò níbẹ̀, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, inú yàrá ló máa jókòó sí, á máa wo ògiri bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Festac ni mo fẹ́, níbi tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn lábẹ́ igi, kó ra bọ̀ọ̀lì, kó jẹ ẹja yíyan, kó sì rí kèké dé ìdí rélùwéè tó ń lọ láti Mile 2 sí Marina. Àmọ́ ilé ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Bí a bá wọ ibẹ̀, ojú ọ̀rẹ́ mi á ṣú tán sórí ẹ̀wà.

Ẹ sì mọ òfin wa. Bí ẹ̀gbọ́n ẹni bá nílé nílùú, téèyàn wá lọ sun òtẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀sí ni. Ó dà bí ìgbà téèyàn dúró lójú títì kígbe pé ahun ni ẹ̀gbọ́n òun. Mo mọ òfin náà dáadáa. Mo sì rú u. A sọ̀ ní Mazamaza ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, a gba ilé àlejò kékeré kan nínú Festac níbẹ̀, tí kò jìnnà sí ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọbìnrin tó gbà wá tẹjú mọ́ mi. Ó ní, “Mummy, ẹ jọ màmá wa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì o. Ojú yín àti tiwọn, ọ̀kan náà ni!” Mo ti mọ̀ pé àṣírí ti tú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ṣe ń múra lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò jókòó.

“Ṣé ilé mi ń jò ni?”

“Kò jò, Àǹtí mi. Ẹ káàárọ̀, mà.”

“Ṣé wọ́n ní mo gbé májèlé síbẹ̀? Kí n wá sọ fáwọn ará ilé pé àbúrò mi dé, ó lọ sun òtẹ́ẹ̀lì bí alágbèrè?”

Ọ̀rẹ́ mi rọra gbé ojú sókè. “Alágbèrè tó ń lo awò méjì, mà. Ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún ọ̀nà.”

Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ kó ẹrù yín. Mo ti gbé omi kaná.”

Mo kúnlẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n mi ni, ọwọ́ rẹ̀ ló sì tọ́ mi dàgbà. Àmọ́ bàtà ìrìn ti wà lẹ́sẹ̀ mi. “Àǹtí mi, a ò lọ. Ère là ń lọ wò. Tí a bá dé, ẹ bínú dáadáa, n ó jókòó gbọ́.”

“Bó o bá jáde lẹ́nu ọ̀nà yìí, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.”

Mo wo ọ̀rẹ́ mi tó ń fọwọ́ wá báàgì rẹ̀ kiri lórí àga tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Mo dìde. “Ẹ bá wa lọ. Ìjókòó pọ̀ nínú rélùwéè.”

“Èmi? Ọjọ́ Sátidé? Ta ló máa wo ilé?” Ló bá fìdí lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká apá mọ́ àyà. “Ibí yìí lẹ máa bá mi. Mi ò kúrò.” Mo fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì jáde.

Nígbà tí ọkọ̀ wa gun orí omi ọ̀sà, tí Marina yọ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú àwọn ilé gíga rẹ̀, mo pa fóònù mi. Láti Marina, ẹsẹ̀ la fi rìn dé Oníkàn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, lábẹ́ agboòrùn kan. Ọ̀rẹ́ mi fi imú kan gíláàsì orí idẹ kan títí ẹ̀ṣọ́ fi wúkọ́. Ó ní, “Kò tóbi tó bí mo ṣe ń fọwọ́ júwe rẹ̀ fún wọn! Mo ti tan ọmọ àwọn èèyàn jẹ.” Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú. Èmi dúró ti ère obìnrin kan tó kúnlẹ̀, tó gbé ọpọ́n obì dání fún àlejò. Ta ló mọ ọdún tó ti wà lórí eékún. Mo rọra sọ fún un pé, “Ìyá, ẹ dìde, ẹ sinmi díẹ̀.” Kò sẹ́ni tó pè mí, kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. A wo gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, a tún padà wo èyí tó wù wá.

Ìrọ̀lẹ́ la tó dé. Mo kan ilẹ̀kùn, mo ti ń to àwíjàre lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí ìdáhùn. Ọmọbìnrin tó gbà wá lánàá ló ti ìsàlẹ̀ wá bá wa ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi ló nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, gèlè ti bọ́ sílẹ̀, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó ta jí.

“Ta ló ń pè mí?”

“Kò sẹ́ni tó pè yín, mà.”

“Láti àárọ̀?”

“Láti àárọ̀.”

Ó wo òrùlé títí, bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn kan lókèèrè. Lẹ́yìn náà ló wé gèlè, ó sì bínú bí a ṣe ṣàdéhùn: a ò lẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn ti bà wá jẹ́, màmá wa á ti máa sunkún ní ibojì. Mo jókòó, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kò ní kó má bínú, n kò sì bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, mo tẹ̀ lé e láti sìn ín, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú ọmọbìnrin yẹn, ohùn tí n kò mọ̀ pé ó ní: “Ọmọ mi, yàrá yẹn, ṣé ó máa ṣófo ní Sátidé tó ń bọ̀? Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì o.” Mo rọra padà sẹ́yìn.

Títí dòní, bí ẹbí bá pé jọ, òun náà ló máa ń kọ́kọ́ ròyìn bí mo ṣe fi òun wọ́lẹ̀ ní Festac. Mo máa ń jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹni tó fẹ́ràn wa lè dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, kó dí wa lọ́nà láìmọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà tèmi lọ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Bí ó bá tún di ọ̀la, òtẹ́ẹ̀lì yẹn náà ni n ó sùn sí.