Bàtà Onítáyà Lọ́jọ́ Sátidé

Gbogbo Sátidé ni mo máa ń parọ́ fún ìyá mi. Irọ́ kan náà ni, n kì í pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n á pè mí láti Iléṣà kí oòrùn tó mú, wọ́n á béèrè bóyá mo ti dé iléèwé. Èmi náà á ní mo ti dé, pé àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò àṣejáde ti ń dúró dè mí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, orí sìmẹ́ńtì ni mo wà, lẹ́yìn gbọ̀ngàn àpèjẹ kan ní Alékùwòdò, l'Óṣogbo tí mò ń gbé, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, mo ń so okùn bàtà onítáyà. Màámi á wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ọmọ Òṣogbo ni wọ́n, ilé ọkọ ló gbé wọn dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọn ò sì mọ àdúrà kúkúrú. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ mi, ó máa rẹ àwọn ọ̀tá mi, kò ní rẹ èmi, àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ò ní ya olódo. Mo ń ṣe àmín, mo ń fa okùn bàtà le.

Tíṣà ni mí lóòótọ́. Ìṣirò ni mo ń kọ́ wọn, láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè. Ti Sátidé yìí nìkan ni kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé èmi gan-an ni ọmọ iléèwé.

Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ni mo kọ́kọ́ wọ bàtà náà. Ní ìsinmi gígùn ọdún kan, obìnrin kan tó ti òkè òkun dé ń kọ́ àwa ọmọdé ní gbọ̀ngàn iléèwé kan n'Íléṣà. Táyà kéékèèké ló wà lábẹ́ bàtà yẹn. Ó ń kọ́ wa bí a ṣe lè máa fi ẹsẹ̀ kan lọ, bí a ṣe lè fi ẹ̀yìn rìn, bí a ṣe lè yí bírí lójú kan. N kò tíì mọ̀ ju kí n di ògiri mú lọ nígbà tí Màámi wá wò mí lọ́jọ́ kan, tí mo sì ṣubú lójú wọn. Wọn ò bínú, ẹ̀rù ló bà wọ́n. Wọ́n ní kí n bọ́ ọ kíákíá, pé àwọn ò bí ọmọ obìnrin kó máa lọ dá lẹ́sẹ̀ nítorí eré. Mo sunkún, mo jẹun alẹ́, ó sì parí síbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí àbíkẹ́yìn mi wọ yunifásítì tí ilé sì dá wáí, ni mo rí àwọn ọmọdé kan tí wọ́n ń fi bàtà onítáyà yí lẹ́yìn gbọ̀ngàn Alékùwòdò yẹn. Mo dúró ń wò wọ́n. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ wọn bi mí pé ọmọ mi dà. Mo ní èmi ni mo fẹ́ kọ́ ọ. Ó wo ikùn mi, ó wo orúnkún mi, ó ní kò burú, kí n máa bọ̀ ní Sátidé. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni bí èèyàn ṣe ń ṣubú: kí n tẹ orúnkún, kí n fi ẹ̀gbẹ́ ìdí lọ sílẹ̀, kí n ká ìka mi wọlé kí táyà ẹlòmíì má bàa gùn ún. Mo mọ ìyẹn dáadáa. Àwọn ọmọ tí eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ á fi ẹ̀yìn sáré kọjá lára mi, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Màámi yọ̀ ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí wọn sì kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ní ọsibítù n'Íléṣà, iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí sí rere, àlùámúdùlílàhí. Mo pa bàtà tì. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ohun tó kù ò ju kí wọ́n rìn lọ, nítorí dókítà ti sọ fún wa pé bí wọn ò bá tètè rìn, wọ́n lè má rìn mọ́. Obìnrin kan láti ọsibítù ń wá sílé ní gbogbo Sátidé láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Á gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan síwájú wọn pé kí wọ́n dì í mú, kí wọ́n dìde. Màámi ò ní dìde. Ìyàwó àbúrò mi tí wọ́n jọ ń gbé á bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n á ní ẹ̀rù ń ba àwọn, àwọn ò fẹ́ tún ṣubú.

Èmi ni wọ́n ń fẹ́. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi. "Ìyàwó wa ń gbìyànjú, n ò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ lo dì mí mú, màá gbé ẹsẹ̀."

Mo lọ ní Sátidé àkọ́kọ́ àti ìkejì. Wọ́n dìde, wọ́n dúró díẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, wọ́n tún jókòó. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ti wà nínú mọ́tò Iléṣà ní Old Garage, mọ́tò ò sì tíì kún, ni mo bá sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ fún awakọ̀ pé mo gbàgbé nǹkan sílé. Alékùwòdò ni mo gbà lọ. Kò sí ẹni tó fipá mú mi, kò sì sí ohun tó ṣe mí, ó kàn wù mí ni. Ojú ọ̀nà ni mo ti ro ọ̀rọ̀ ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò, ó sì dùn ún gbọ́ débi pé èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo sọ di ọjọ́ Màámi. Mo máa ń ra ẹja, mo máa ń ra ọsàn, mo máa ń ra ohun tí wọn ò béèrè, títí ìyàwó àbúrò mi fi ní kí n jọ̀ọ́, kò sí àyè mọ́ nínú fíríìjì. Ẹ̀bi ló ń ra gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Màámi rí ojú ibi tó ti bó ní ìgunpá mi. Mo ní mo kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn iléèwé ni. Wọ́n ní kí n gbé òrí wá, wọ́n fi pa mí lọ́wọ́, wọ́n sì ń bá àwọn aláṣẹ iléèwé tí kò tún àtẹ̀gùn ṣe wí. Mo jókòó síbẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n fi pa mí. Ojú tì mí débi pé inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí wọn. Mo ti tọ́ ọmọ, mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba, mo ti sin gbogbo ẹni tó yẹ kí n sìn, kí ló dé tí n ò lè ní òwúrọ̀ kan péré fún ara mi nínú ọ̀sẹ̀? Mo bá wọn jà tẹ́rùn nínú ọkàn mi títí tí mọ́tò fi gbé mi dé Òṣogbo.

Ìgbà tó ṣe, obìnrin ọsibítù náà pè mí. Ó ní ẹsẹ̀ Màámi ti ń gan, pé kí n jọ̀wọ́ wá ní Sátidé tó ń bọ̀, nítorí òun náà ò mọ ohun tóun lè ṣe mọ́. Mo ṣèlérí, inú Màámi sì dùn. Nígbà tó di Fúráìdè, tíṣà mi ní Alékùwòdò fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásáàpù pé lọ́la lòun máa já mi kúrò lára ògiri tí mo ń dì mú, kí n lè máa dá lọ. Mo sọ fún ara mi pé n ó yà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ ni n ó ti wá gba Iléṣà lọ. Iléṣà ò kúkú jìnnà.

Tíṣà mi dì mí lọ́wọ́ mú, ó ń sọ̀rọ̀ fún mi, ó sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ láìwí fún mi. Mo ń lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì wà lókè, afẹ́fẹ́ ń gbé ìborí mi sẹ́yìn. Mo yí àgbàlá náà po, n kò ṣubú. Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe, mo sì tún ní kí n ṣe é sí i. N kò rántí Màámi. Èyí ló ń dùn mí jù títí dòní. Bí mo bá rántí wọn tí mo sì kọ̀ láti lọ, ìyẹn ì bá sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rántí wọn rárá.

Nígbà tí mo fi máa gbé báàgì mi, ọ̀sán ti pọ́n gan-an, ìpè Iléṣà sì ti kún orí fóònù mi. Mo pè padà. Ìyàwó àbúrò mi ló gbé e. Ó ní obìnrin náà ti lọ, Màámi sì ti sùn. Mo ní àwọn ọmọ ni ò jẹ́ kí n tètè kúrò.

Mo débẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Màámi jókòó sórí àga ní pálọ̀, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi, wọn ò dá mi lẹ́bi. Láti òwúrọ̀ àná ni wọ́n ti múra dè mí. Nígbà tí obìnrin náà dìde tó fẹ́ máa lọ, wọ́n ní kó gbé irin náà wá, pé àwọn fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà kí àwọn wo títì, bóyá mo ń bọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n sì rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni ò dì wọ́n mú. Ìyàwó àbúrò mi ní wọ́n pẹ́ lórí ìdúró níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà láti padà.

Mo ní kí n sọ òtítọ́. Bí mo ṣe ń wá bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n bi mí bóyá àwọn ọmọ tí mo torí wọn dúró lánàá tiẹ̀ rí nǹkan kan kọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ọ̀kan wà nínú wọn tó dàgbà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí kò tíì lè dá a ṣe láti ọjọ́ yìí, pé àná ló tó dá a ṣe.

Ojú wọn tàn. "Obìnrin ni?"

"Obìnrin ni, Màámi."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀, kó rí i?"

Mo ní, "Rárá, Màámi. Ìyá rẹ̀ ò sí níbẹ̀."

Wọ́n mi orí, wọ́n ní ó mà ṣe o, wọn ì bá ti pè é. Wọ́n wá fa irin náà sọ́dọ̀, wọ́n ní kí n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n lè rí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo na ọwọ́ pé kí n gbé wọn dìde.

"Má dì mí mú mọ́," ni wọ́n wí. "Ṣáà máa wò mí."

Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀.