Wọ́n Fi Áńkáṣíìfù Nu Iṣẹ́ Ìwádìí Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fi áńkáṣíìfù nu iṣẹ́ ìwádìí mi lónìí!

Àwọn tá a jọ ń ṣèwádìí lókè òkun ló fi páálí kékeré kan ránṣẹ́ sí mi. Bàbá Ràsákì, ará àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ tó ń bá èèyàn gba ẹrù ní wáàfù Àpápá, ló bá mi gbà á jáde. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì wọn ní Warehouse Road, wọ́n ti tú u. Sílíkọ́nì pẹlẹbẹ mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló wà níbẹ̀, wọ́n ń dán bíi dígí.

"Ọ̀kan dọ̀tí díẹ̀," ni Bàbá Ràsákì wí, "mo ti bá ẹ nù ún."

Mo figbe ta.

"Bàbá, ìdọ̀tí kọ́ o! Òòfà tín-ín-tìn-tín ló kóra jọ síbẹ̀, ojú lásán ò lè rí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi wọ́n rántí nǹkan lọ́jọ́ iwájú ni."

Wọ́n wo áńkáṣíìfù ọwọ́ wọn títí. Wọ́n rọra ká a, wọ́n nà án sí mi.

"Ọmọ mi, má bínú. Gbà á. Gbogbo ẹ̀ ṣì wà nínú ibí."

Ẹ̀rín pa mí, ìbínú mi sì rọlẹ̀. Méjì tó kù ò bàjẹ́, ìyẹn náà á tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa gba áńkáṣíìfù yẹn?