Ìpè Bàbá Ẹranlápò

Ọjọ́ tí Bàbá Ẹranlápò dùbúlẹ̀ sáàárín pápá, tó ń ta ẹsẹ̀ méjèèjì sókè bí ọmọ ọwọ́, ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé. Ajá kan ló gbá tẹ̀lé ehoro. Ẹni tó ni ajá lọgun títí ohùn rẹ̀ fi há, ajá ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ni bàbá bá kẹ̀yìn sí ajá, ó sá lọ sí òdìkejì, ó ń hó ìhó ayọ̀, ó sì wó lulẹ̀ gbìì. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ajá dúró, ó wo ehoro, ó wo bàbá, ó sì sáré wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bàbá dìde, ó fún un lẹ́ran, ó gbọn iyanrìn nù lára. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ara mi le. Ehoro ni ò lè ṣe tó báyìí."

Káfíńtà ni kó tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ ajá pípè ló gbayì fún. Ẹran gbígbẹ kì í wọ́n nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti búra pé òun ò ní fọ ṣòkòtò ọlọ́ràá mọ́. Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì.

"Ọmọ mi, bá mi rán rọ́bà sínú àpò yìí."

"Rọ́bà kẹ̀, bàbá? Ṣé omi lẹ fẹ́ máa fi pọn ni?"

Télọ̀ yìí ní ajá pupa kan tí kì í rí ohun tó ń sá kó má lé e. Ó ti pa méjì nínú adìyẹ ìyá onílé rẹ̀, ẹni tó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ìyá onílé sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayálégbé pé, "Tó bá fi lè di ẹ̀kẹta, ajá yẹn á kúrò nílé mi." Télọ̀ ò lọ́kọ, kò lọ́mọ. Ajá yẹn ló máa ń bá sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rù sì bà á gan-an.

Nígbà tó ròyìn ẹ̀ fún bàbá, bàbá ní kó pe ajá kí òun gbọ́. Télọ̀ pè é bó ṣe máa ń pè é. Bàbá fọwọ́ di etí.

"Tó bá jẹ́ èmi ni, èmi náà á sá lọ! Ta ló fẹ́ lọ bá ẹni tó ń bínú?"

Ó ní "Káàbọ̀" ni kó máa fi pè é láti ọjọ́ náà, kó máa kí i káàbọ̀ kó tó dé, bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀ tó ti ìrìn àjò dé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kó pè é, ẹran sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Kò gbọ́dọ̀ pè é wá wẹ̀, kò gbọ́dọ̀ pè é wá jẹ pàṣán, kódà kí ìyẹ́ adìyẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ni wàhálà bá dé. Bí télọ̀ bá ti kí oníbàárà pé "Ẹ káàbọ̀," ajá á ti yọ lábẹ́ tábìlì, á jókòó, á máa retí ẹran.

"Fún un," ni bàbá á wí.

"Bàbá, oníbàárà ni mo kí!"

"Ṣé ajá mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Fún un."

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, télọ̀ ò kí ẹnikẹ́ni káàbọ̀ mọ́, ó kàn ń juwọ́ sí wọn. Ọ̀gá ilé ìwé kan gba aṣọ rẹ̀ padà, ó ní ìgbéraga télọ̀ náà ti pọ̀ jù. Bàbá ní kò burú, ọ̀gá ilé ìwé kì í lé adìyẹ.

Inú yàrá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn náà iwájú àgò adìyẹ, pẹ̀lú okùn gígùn lọ́rùn ajá. Ajá fa bàbá wọ gọ́tà lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá yọrí jáde, ó ní, "Okùn ò já. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa."

Lóṣù kẹta, bí bàbá bá pe ajá níwájú adìyẹ, fìà ló ń dé. Àmọ́ tí télọ̀ bá pè é, ẹ̀rù á ti mú ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ajá á sì máa ṣiyèméjì.

"Ohùn ayọ̀, ọmọ mi. Wàá ṣe é. Ó dá mi lójú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá sùn sórí àga, kò sì jí mọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, èrò kún iwájú ilé rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnì kan lọ yá àga ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ajá sì bọ́ síta. Kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀. Adìyẹ ìyá onílé ń jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù.

"Adìyẹ mi o!" ni ìyá onílé figbe ta.

Omijé kún ojú télọ̀. Ó fọwọ́ nu ojú, ó na apá méjèèjì. Ó ní, "Káàbọ̀!" Ayọ̀ tó wà nínú ohùn náà mú gbogbo èrò yíjú.

"Ta ni wọ́n ń kí káàbọ̀ níbi òkú?" ni bàbá àgbà kan ń bi ara rẹ̀.

Ajá ti yanu sí ìrù adìyẹ. Ó dúró, ó yí padà, ó sì sáré wọ àyà télọ̀.

Kò sí ẹran lọ́wọ́ télọ̀. Ìyá onílé fúnra rẹ̀ ló wọ ilé ìdáná, tó mú ẹran jáde.

"Fún un kíá, kó tó yí ọkàn padà!"

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lọ́rùn ajá. Ìyàwó bàbá rọra wá jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ohùn yẹn gan-an ni ọkọ mi fi ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀. Ibi yòówù kí n wà, màá kàn rí i pé mo ti ń sáré bọ̀. Èmi ti rò pé mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn ni."