Bàbá Sítọ̀ Kì Í Buwọ́ Lu Ohun Tí Kò Dùbúlẹ̀ Lé

Bàbá Sítọ̀ là ń pe ọ̀gá wa tó ń tọ́jú ẹrù nílé ìwòsàn àwọn sójà. Àwọn ọ̀gá ńlá a máa jókòó sí ọ́fíìsì, wọn a buwọ́ lu ohun tí wọn ò fojú kàn rí. Bàbá Sítọ̀ kọ̀! Kò sí ibùsùn tí ìjọba rà tí kò ní dùbúlẹ̀ lé kó tó gbà á wọlé. Ìyàwó rẹ̀ a ní, "Oorun lọkọ mi fi ń gbowó oṣù."

Lọ́jọ́ kan, agbaṣẹ́ṣe kan kó ọgọ́rùn-ún ibùsùn dé, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé sójà tó bá fara gbọgbẹ́. Ikùn ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Bàbá Sítọ̀ ti ń bọ́ bàtà, àmọ́ ọkùnrin náà ń kánjú.

"Bàbá, ẹ sáà buwọ́ lù ú. Erin gan-an lè sùn lórí ẹ̀!"

"Ó dáa, sà. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi dùbúlẹ̀."

Gbogbo wa ń wò ó, ojú tì í láti kọ̀. Bó ṣe dùbúlẹ̀ báyìí, aṣọ tí wọ́n fi ṣe ibùsùn náà ya fàà, ìdí rẹ̀ dún gbì lórí sìmẹ́ńtì.

Kò lè dìde mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé, wọ́n fa ibùsùn tuntun mìíràn yọ láti fi gbé e. Ló bá figbe bọnu: "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èyí tí mo kó wá! Èyí tẹ́ ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbé mi!"

Bàbá Sítọ̀ ṣí ìwé ẹrù, ó kọ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu agbaṣẹ́ṣe náà gẹ́lẹ́, ó wá na bírò sí i nílẹ̀ tó wà.

"Sà, ẹ buwọ́ lù ú."