Ọkọ̀ Tí Kò Dúró fún Bàbá Mi

Ọkọ̀ náà ti dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Ọkọ̀ Jámánì ni, aláwọ̀ eérú, awọ ni àga rẹ̀, igi dídán ni wọ́n fi ṣe ara dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Irú èyí tí àwọn ọ̀gá ń gùn nígbà tí owó ṣì ń jẹ́ owó. Bàbá mi rà á lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́dún tó fẹ̀yìn tì, ó sì ń kẹ́ ẹ bí ọmọ tuntun. Ẹni tó bá ti ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ: bí o bá tún gíà ṣe lónìí, rédíétọ̀ á ní òun náà wà níbẹ̀ lọ́la. Bàbá ò ráhùn. Ó ní arúgbó kì í bá arúgbó jà.

Inú ọkọ̀ yìí ló kú sí. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó ń ti Òkìtìpupa bọ̀ ní Ìkọ̀yà, ìlú wa, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó ti sọ̀ láìmọye ìgbà. Ọkọ̀ ò dúró. Ó lọ kọlu ọ̀pẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nǹkan kan ò ṣe ọ̀pẹ. Ó ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń kọ eyìn lórí rẹ̀.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ì bá sàn. Ìgò ògógóró kan wà nínú ọkọ̀, tó rà fún àna wa kan tó fẹ́ ṣe ìdána ọmọ rẹ̀. Ìgò fọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ gbóòórùn ọtí, ta ló wá lè fọwọ́ dí ẹnu ayé? Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ìkọ̀yà ti gbọ́ pé alàgbà mutí yó, ó wa ọkọ̀ lu igi. Alàgbà mà ni o, nínú ìjọ aláṣọ funfun, níbi tí wọn kì í ti í fẹnu kan ọtí. Wọn ò jẹ́ kí a gbé pósí rẹ̀ wọ inú ilé ìjọsìn. Ojúde ilé wa ni wòlíì ti gba àdúrà ráńpẹ́, ó ń gbà á, ó ń wo aago. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn alàgbà tó ti sùn níbi ìsìn ìrántí ọdọọdún, wọ́n á ka ti ẹni tó kú ṣáájú rẹ̀, wọ́n á ka ti ẹni tó kú tẹ̀lé e. Màmá mi á jókòó síbẹ̀, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Èmi ò sunkún. Àwọn èèyàn ní ọkàn mi le, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ńṣe ni gbogbo ara mi kú tipiri, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́. Mò ń lọ síbi iṣẹ́ ní Òkìtìpupa, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mò ń jẹ púpurú, mi ò mọ adùn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kí mi kú ọ̀fọ̀, mo máa ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n kí kú ọjà.

Lọ́dún kejì, Màmá pè mí jókòó.

Ó ní, "Tún ọkọ̀ bàbá rẹ ṣe."

Mo ní, "Màmá, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ jẹ́ ká tà á fún àwọn tó ń ra irin."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn. "Irin wo? Mo bá bàbá rẹ gbé títí tí irun mi fi funfun, mo mọ òórùn ẹnu rẹ̀. Bàbá rẹ ò mutí. Nǹkan kan ló ṣe ọkọ̀ yẹn. Ẹni tó bá tú u ni yóò rí i. Bí o bá rí i, kí o wá sọ fún mi, èmi ni màá dìde sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ. Wọ́n á ka orúkọ rẹ̀ kí n tó kú, tí Ọlọ́run bá gbà."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe pé a fẹ́ gùn ún. Orúkọ bàbá mi la lọ wá nínú irin.

Mẹkáníìkì tó ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà ní Òkìtìpupa, bàbá kan tí ìka rẹ̀ ò pé mọ́, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì pọ̀. Àwọn tó ń na irin kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ na imú ọkọ̀. A wá rédíétọ̀ tòkunbọ̀ títí dé Bìní. Bí iná iwájú ti dé ni ilẹ̀kùn ní òun ò tì mọ́. Mẹkáníìkì á fi aṣọ ìdọ̀tí nu ojú, á ní, "Tíṣà, ọkọ̀ olówó ò mọ̀ pé olówó ti lọ o. Ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń bèèrè."

Lójoojúmọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Màá jókòó lórí táyà àlòkù, màá máa na sípánà sí i. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ṣé ara ti ń balẹ̀.

Bíréèkì ló tú gbẹ̀yìn. Ó ṣí ìdérí ike kékeré tí ọ́ìlì bíréèkì ń wà, ó tìka bọ̀ ọ́, ó fi ìka ra ìka, ó sì gbé e sí imú. 

Ó ní kí n bu omi wá nínú ife. Ó kán ọ́ìlì bíréèkì tuntun sí i, ó pò ó, ó bá omi lọ. Ó da omi yẹn nù, ó bu òmíràn, ó kán èyí tó wà nínú ọkọ̀ sí i. Ó pò ó, pò ó. Ó léfòó.

"Ta ló ń bu nǹkan sí ọkọ̀ yìí?"

"Bàbá nìkan ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Kì í ṣe ọ́ìlì bíréèkì lèyí. Òróró tí à ń jẹ wà nínú rẹ̀." Ó yọ àwọn rọ́bà inú bíréèkì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí páálí. Wọ́n ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ mọ́jú. "Òróró kì í bá rọ́bà yìí rẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wú u, títí kò fi ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bàbá tẹ bíréèkì, Tíṣà. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò sí ohun tó dá a lóhùn."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo rò pé bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣèèṣì. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó lè mú ìgò kan pe òmíràn. Ṣé kí n pè é ní ìdùnnú? Mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé ebi pa mí lọ́jọ́ náà, mo jẹun, mo sì tún bù sí i.

Mi ò sọ fún Màmá lórí fóònù. A pààrọ̀ gbogbo bíréèkì, mẹkáníìkì wà á, èmi náà wà á. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n fẹ́ ṣe ìsìn ìrántí, mo wà á lọ sí Ìkọ̀yà. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, mo tẹ̀ ẹ́. Ó dúró.

Màmá ti wọ sùtánà funfun rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà.

Mo ní, "Bíréèkì ni, Màmá. Bàbá tẹ̀ ẹ́, kò mú. Wọn ò fẹnu kan ọtí."

Ó wólẹ̀ sínú iyanrìn pẹ̀lú aṣọ funfun. "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀? Olúwa, o ṣeun, o ti bọ́ ìtìjú lára mi." Ó dìde, ó wọlé, ó mú ìgò òróró ìyàsímímọ́ kan jáde. Ó ní kí n ṣí iwájú ọkọ̀. Mo ṣí i. Ó kọjá rédíétọ̀, ó kọjá ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sórí ìdérí ike kékeré yẹn, kò wá a rárá.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ibẹ̀ náà ni. Mo bi bàbá rẹ nígbà kan pé kí ló ń dá ọkọ̀ dúró, ó ní òróró tó wà níbí ni. Mo ní, bó bá jẹ́ òróró ni, ti Ọlọ́run ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ó bú mi, ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ òun." Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọge. "Tó bá ti ṣí i sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tó lọ wẹ̀, màá ta á sí i. Ṣíbí kan péré. Kò mọ̀ títí tó fi lọ."

 Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà. Èmi tí nǹkan kan ò ti bà lẹ́rù fún ọdún méjì, ẹ̀rù bà mí. Mo gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bù ú síbẹ̀ lónìí, Màmá. Mẹkáníìkì ní ibẹ̀ ti kún. Ẹ fi kan ọwọ́ ọkọ̀ tí a fi ń darí rẹ̀."

Ó gbà. Ó gba ìgò padà, ó fi òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ra ọwọ́ ọkọ̀ yípo. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Kí ni wọ́n ní ó ba bíréèkì náà jẹ́? Wọ́n á bi mí níbẹ̀."

Mo ní, "Ogbó ni. Rọ́bà rẹ̀ ti gbó."

Nílé ìjọsìn, ó dìde kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ó ní bíréèkì ni kò mú, kì í ṣe ọtí, kí wọ́n bi ọmọ òun tó tún ọkọ̀ ṣe, kí wọ́n bi mẹkáníìkì. Wòlíì wò mí, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Màmá wá gbóhùn sókè pé òróró Ọlọ́run tí òun ń bù sí bíréèkì yẹn lọ́jọ́ Ìsinmi ni kò jẹ́ kí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ṣé wọ́n rí i pé ojú ọkọ òun ò ní àpá kankan nínú pósí. Wọ́n ké halelúyà. Wọ́n ka orúkọ bàbá mi.

Màmá jókòó tì mí, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Òróró ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń yọ̀. Ó ní, "O ò ṣe àmín?"

Mo ní, "Àmín, Màmá."