Gíláàsì Tó Tẹ́jú Nínú Ilé Pákó

Bí òórùn bẹntiróòlù bá ti dà pọ̀ mọ́ ti edé tí wọ́n ń yan, Òde Ugbò ni ọkàn mi máa ń sá lọ, sí ìdí afárá pákó ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń so ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ bàbá wa ló ti jogún rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á, tó ń kó èrò lọ sí ọjà Igbókòdá. Ìyá wa kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, kó tà á, kó lọ kọ́ṣẹ́ irun lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Oǹdó.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà daṣẹ́ sílẹ̀, mẹkáníìkì wa tú u palẹ̀, ó pààrọ̀ písítìnì àti ríǹgì tó yí i ká, ó sì tún un tò. A rò pé ó parí. A fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro wá, ó kàn ń wúkọ́ ṣáá ni. Mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fa okùn náà. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ ti ìka rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ìka ò mì. Ó ní afẹ́fẹ́ tó yẹ kó há sínú ẹ́ńjìnnì ń jò. Ìyá wa ní kí wọ́n tà á kí ọjọ́ ọjà tó pé. Omi lé ròrò sójú ẹ̀gbọ́n mi.

Mẹkáníìkì ro ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò náà. Bó bá jẹ́ ríǹgì ló ń jò, ọ́ìlì á dí i fúngbà díẹ̀. A tún fà á, kò yàtọ̀. Ara tu ọkùnrin náà, torí òun fúnra rẹ̀ ló fi ríǹgì sí i. Ó ní ìdérí orí ẹ́ńjìnnì ní láti ti wọ́, ká wá nǹkan tó tẹ́jú dáadáa kí òun fi yẹ̀ ẹ́ wò. Wàhálà dé! Orí omi ni ilé wa wà, pákó látòkè délẹ̀. Pákó tó ń mumi lójoojúmọ́, ìgbà wo ló máa tẹ́jú? A gbé tábìlì wá, ó wọ́. A yọ ilẹ̀kùn, ìyẹn tún burú jù.

Ìyá wa tó ti ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà wọlé, ó sì gbé gíláàsì ojú fọ́tò bàbá wa jáde, fọ́tò tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ó ní, "Ẹ rọra o."

Mẹkáníìkì gbé ìdérí náà lé e, a sì rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ níhà kan, ibẹ̀ ló ti wọ́. Ó tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, ó ń fi ìdérí náà ha á jẹ́jẹ́ títí gbogbo ojú rẹ̀ fi dán bákan náà. Nígbà tó tún un dè, tó tún fìka dí ihò, afẹ́fẹ́ ta ìka náà dànù. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi bú ramúramù, ẹ̀gbọ́n mi sì bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ ọjà, ìyá wa, tí kò wọ ọkọ̀ yẹn rí látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ń wà á, gbé agbọ̀n edé rẹ̀, ó lọ jókòó síwájú. Aládùúgbò kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ tó ní kí wọ́n tà ló wọ̀ yìí. Ìyá wa dá a lóhùn pé, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń kó èrò dòní. Ní tèmi, bí ẹni tó fẹ́ràn mi bá sọ fún mi pé rárá, mi ò tètè ń bínú mọ́. Mo máa ń dúró wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe.